Ìrọ̀rùn nínú Ṣíṣètò Ojú Òpó Ayélujára àti Ojú Ìlò Ẹ̀rọ

Ìlànà ìrọ̀rùn nínú ṣíṣètò ojú òpó ayélujára ni àkójọ àwọn òfin àti ìṣe tí àwọn olùṣètò ń tẹ̀ lé kí ẹni tó bá ṣí ojú òpó kan lè tètè mọ ibi tó wà, ohun tó lè ṣe níbẹ̀, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá tẹ bọ́tìnnì kan. Ojú ìlò ni apá ẹ̀rọ tí òǹlò ń rí, tó ń fọwọ́ kàn, tó sì ti ń gba èsì. Ó lè jẹ́ lẹ́tà àti àwòrán lójú kọ̀ǹpútà, bọ́tìnnì lára ẹ̀rọ tí a fi ń gbowó ní báǹkì, tàbí àtòjọ nọ́ńbà lójú fóònù kékeré.

Ní ìlú Douala, tó jẹ́ ìlú ńlá àti èbúté pàtàkì orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Ibẹ̀ ni olú iléeṣẹ́ MTN Cameroon àti Orange Cameroun wà, orí fóònù sì ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ti ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹbí, tí wọ́n ti ń san owó ọjà, tí wọ́n sì ti ń san owó iná. Ọ̀rọ̀ kan tí kò yéni tàbí nọ́ńbà kan tí ọwọ́ ṣì tẹ̀ lè gbé owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tí olówó kò mọ̀ rí. Ìdí nìyí tí ìrọ̀rùn fi jẹ́ ọ̀ràn ẹ̀tọ́: iṣẹ́ ìrònú tí olùṣètò bá fi sílẹ̀ láìṣe, òǹlò ni yóò ṣe é, òun ni yóò sì san gbèsè rẹ̀ bí ó bá ṣì í ṣe.

Ìtumọ̀

Ìrọ̀rùn yàtọ̀ sí kí nǹkan kéré. Ojú òpó kan lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú-ìwé kí ó sì rọrùn. Òmíràn lè ní ojú-ìwé kan ṣoṣo kí ó sì da òǹkàwé láàmú. Òṣùwọ̀n ibẹ̀ ni pé kí wàhálà tí òǹlò máa ṣe kí ó tó rí ohun tó ń wá má ju bí ọ̀ràn náà ṣe tóbi lọ. Ẹni tó fẹ́ mọ iye owó tó kù sínú àpò orí fóònù rẹ̀ béèrè ìbéèrè kan, èsì kan ló sì tọ́ sí i. Bí ó bá ní láti la ojú-ìwé mẹ́rin kọjá, tó sì ní láti ti ìpolówó méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó rí i, ètò náà ló kùnà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìrọ̀rùn pín sí. Èkíní ni kíkà: ṣé lẹ́tà hàn sí ojú? Èkejì ni yíyé: ṣé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ èyí tí òǹlò mọ̀? Ẹ̀kẹta ni lílò: ṣé ó rí ibi tí yóò tẹ̀, ṣé ó sì lè padà sẹ́yìn bí ó bá ṣìnà? Ojú òpó tó bá kùnà nínú ọ̀kan ti kùnà nínú gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà tó mọ́lẹ̀ kedere kò wúlò bí ọ̀rọ̀ tó kọ bá ṣòro, ọ̀rọ̀ tó yéni kò sì wúlò bí bọ́tìnnì rẹ̀ bá fara pamọ́.

Ìtàn ní ṣókí

Èrò pé kí a máa gé ohun tó pọ̀ jù kúrò títí iṣẹ́ yóò fi rọ gbogbo ènìyàn lọ́rùn ti wà ní Kamẹrúùnù kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní ìlú Foumban, ní apá ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà, Ọba Njoya àti àwọn ìjòyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá ìlànà ìkọ̀wé fún èdè Bamum ní nǹkan bí ọdún 1896. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ní àmì tó tó 500, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àwòrán nǹkan. Ènìyàn díẹ̀ ló lè há irú iye bẹ́ẹ̀ sórí. Wọ́n tún un ṣe léraléra, nígbà tó sì di ọdún 1910, àmì 80 péré ló kù, tí wọ́n dúró fún ìró àti nọ́ńbà. Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀dà yìí, a ka u ku, wá láti ara àmì mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀. Wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì fi kọ ìtàn ìlú àti ìwé ìwòsàn. Ní ọdún 2009, àmì Bamum wọ inú Unicode, ìlànà àgbáyé tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀.

Irú ọ̀nà kan náà ni kọ̀ǹpútà tọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó fẹ́ lò ó ní láti há àṣẹ sórí, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ láìṣìṣe lẹ́tà kan. Kọ̀ǹpútà Xerox Star tó jáde ní ọdún 1981 àti Macintosh ti iléeṣẹ́ Apple ní ọdún 1984 fi àwòrán kéékèèké rọ́pò ọ̀pọ̀ àṣẹ bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé òǹlò lè wo ohun tó wà níwájú rẹ̀ kí ó sì yan èyí tó fẹ́. Tim Berners-Lee dá ètò ojú òpó ayélujára lábàá ní ọdún 1989, ojú òpó àkọ́kọ́ sì ṣí ní ọdún 1991. Ní ọdún 1994, Jakob Nielsen gbé òfin mẹ́wàá jáde tí a fi lè yẹ ojú ìlò wò. Ní ọdún 2000, Steve Krug kọ ìwé kan tó di gbajúmọ̀, tí kókó rẹ̀ jẹ́ pé kí olùṣètò má fi ìrònú tí kò yẹ da òǹlò láàmú. Ẹgbẹ́ W3C, tó ń rí sí ìlànà ayélujára lágbàáyé, gbé ìtọ́sọ́nà jáde ní ọdún 1999 kí ojú òpó lè ṣeé lò fún àwọn aláàbọ̀ ara, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀tun ní ọdún 2008.

Àwọn ìlànà pàtàkì

Ohun tó ṣe pàtàkì ṣíwájú. Olùṣètò gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá sí ojú òpó náà, kí ó sì gbé e sí ibi tí ojú yóò kọ́kọ́ bà. Aláìsàn tó ṣí ojú òpó ilé ìwòsàn ń wá àkókò tí dókítà wà, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù. Bí ọ̀rọ̀ ìkíni ọ̀gá àgbà àti àwòrán ilé náà bá gba gbogbo ojú fóònù, ohun tó wá ti sọnù lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí òǹlò mọ̀. Orúkọ tí òǹlò ń pe nǹkan ló yẹ kí a kọ, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ọ́fíìsì. Gbólóhùn kúkúrú dára, kí ohun tí bọ́tìnnì ń ṣe sì wà lára rẹ̀. Bọ́tìnnì tí a kọ “Fi owó ránṣẹ́” sí yéni ju èyí tí a kọ “Tẹ̀ síwájú” sí lọ.

Lẹ́tà tó hàn. Lẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí ojú funfun lè dára lójú ayàwòrán tó jókòó nínú yàrá, ṣùgbọ́n yóò pòórá lójú ẹni tó ń ka fóònù lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Ìtọ́sọ́nà W3C sọ pé kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, ó kéré tán; lẹ́tà ńlá lè jẹ́ 3 sí 1. Kò sì yẹ kí àwọ̀ nìkan gbé ìtumọ̀, nítorí àwọn kan wà tí ojú wọn kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé. Bí àṣìṣe bá wà, kí ọ̀rọ̀ sọ ọ́.

Yíyàn tí kò pọ̀ jù. Bí ohun tí a lè yàn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àkókò tí a fi ń yàn ń gùn sí i. Wọ́n fi ìdánwò fi èyí hàn láti ọdún 1952, òfin náà sì ń jẹ́ orúkọ William Hick. Àwọn Yorùbá ní àṣejù ni baba àṣetẹ́: ojú-ìwé tó bá fẹ́ kí gbogbo nǹkan hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò jẹ́ kí ohunkóhun hàn.

Ìwọ̀n àti ìyára. Ojú-ìwé tó wúwo ń jẹ dátà, owó òǹlò sì ni dátà. Nielsen ṣàlàyé pé bí èsì bá dé láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, òǹlò máa ń rí i bí ẹni pé ojú ẹsẹ̀ ni. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń rí i pé òun ń dúró. Bí ó bá kọjá mẹ́wàá, ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Opera Mini, tó jáde ní ọdún 2005, gbilẹ̀ ní Áfíríkà nítorí pé ó ń fún ojú-ìwé pọ̀ kí ó tó dé orí fóònù. Irú àìní bẹ́ẹ̀ ló bí Facebook Lite ní ọdún 2015.

Àbò lọ́wọ́ àṣìṣe. Ènìyàn yóò ṣìṣe. Ètò tó dára ti múra sílẹ̀ dè é. Ó ń béèrè ìdánilójú kí ó tó ṣe ohun tí kò ní àtúnṣe, ó ń jẹ́ kí òǹlò lè padà sẹ́yìn, ó sì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti àtúnṣe rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó yéni. Nọ́ńbà àṣìṣe lásán kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Owó orí fóònù ní Douala

Àwọn ìlànà wọ̀nyí fara hàn gbangba nínú ètò tí kò ní àwòrán rárá. Ẹni tó ń lo owó orí fóònù ní Kamẹrúùnù lè tẹ *126# fún ti MTN tàbí #150# fún ti Orange, kí àtòjọ yíyàn tí a fi nọ́ńbà tò sì jáde lójú fóònù. USSD ni orúkọ ọ̀nà yìí, òun náà sì ni àwọn báǹkì Nàìjíríà ń lò fún kóòdù wọn. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì sì lè ṣe é.

Ààlà rẹ̀ le koko. Ojú kan ṣoṣo kò lè gbà ju lẹ́tà àti àmì 182 lọ, àyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ sì wà nínú iye náà. Bí òǹlò bá pẹ́ jù kí ó tó dáhùn, ètò náà yóò pa, yóò sì ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, olùṣètò ń wọn ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wọn wúrà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe jù lọ ni yóò gba nọ́ńbà 1, èyí tí wọn kì í ṣe púpọ̀ yóò sì wọ inú àtòjọ kejì. Ìbéèrè kan ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan: ta ni a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, iye owó mélòó, kí ni nọ́ńbà àṣírí.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ dá lé ni ojú tó kẹ́yìn kí owó tó lọ. Bí ojú náà bá kàn kọ “Ṣé ó dá ọ lójú?”, ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni láìwò ó, nítorí ó dá wọn lójú pé àwọn fẹ́ fi owó ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ orúkọ ẹni tó ni nọ́ńbà náà, iye owó tó ń lọ àti iye tí iléeṣẹ́ yóò yọ, ẹni tó ṣì tẹ nọ́ńbà kan yóò rí orúkọ àjèjì, yóò sì dúró. Àyè kan náà ni méjèèjì gbà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ọ̀kan fún òǹlò ní ohun tó lè fi dájọ́.

Ní àwọn òpópónà Douala, lábẹ́ agbòòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn tó ń ta káàdì ìpè tí wọ́n sì ń gba owó wọlé tàbí san án jáde wà. Call-box ni àwọn ará Kamẹrúùnù ń pe irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wọn ṣe pàtàkì, nítorí àwọn ló ń sọ owó ọwọ́ di owó orí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹni tí àtòjọ náà kò bá yé, tàbí tí kò lè ka èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, lè gbé fóònù rẹ̀ fún ẹlòmíràn kí ó bá a tẹ̀ ẹ́, kí ó sì sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún un. Níbẹ̀ ni ojú ìlò tí kò yéni ti ba ààbò jẹ́ láìjẹ́ pé olè kankan fọ́ ẹ̀rọ. Àbò tí a kọ́ sórí nọ́ńbà àṣírí kò lè dúró bí ẹni tó ni nọ́ńbà náà kò bá lè dá lò ó.

Èdè méjì, ojú òpó kan

Òfin ilẹ̀ Kamẹrúùnù ti ọdún 1996 fi èdè Faransé àti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí ipò kan náà gẹ́gẹ́ bí èdè ìjọba, òfin mìíràn tó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2019 sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Faransé ni èdè ìjọba tó gbilẹ̀ jù ní Douala, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìlú náà kò jìnnà sí Limbe àti Buea. Lẹ́yìn èdè méjì yìí, èdè tó lé ní 250 ni wọ́n ń sọ ní orílẹ̀-èdè náà.

Ojú òpó tó ń sin irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní láti kíyè sí nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí a kọ orúkọ èdè kọ̀ọ̀kan ní èdè náà fúnra rẹ̀, kí ẹni tó ń wá a lè dá a mọ̀. Àsíá orílẹ̀-èdè kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí ará Buea tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ará Bìrìtìkó. Èkejì, bí òǹkàwé bá yí èdè padà, kí ó wà ní ojú-ìwé tó wà tẹ́lẹ̀, kí ètò má ṣe dá a padà sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀kẹta, kí àkóónú èdè méjèèjì dọ́gba. Ojú òpó tí ìròyìn rẹ̀ tuntun wà ní èdè kan, tí èkejì sì dúró sí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ti sọ fún apá kan nínú àwọn ará ìlú pé wọn kò ka wọ́n kún.

Àṣìṣe lẹ́tà kan: ìtàn .cm

Àmì tí àdírẹ́sì ayélujára Kamẹrúùnù ń parí sí ni .cm. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló fi yàtọ̀ sí .com, èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ lágbàáyé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, wọ́n ṣètò .cm lọ́nà tó fi jẹ́ pé àdírẹ́sì tí ẹnikẹ́ni kò tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ń ṣí ojú-ìwé ìpolówó. Báyìí ni àwọn ènìyàn káàkiri ayé tí ọwọ́ wọn fo lẹ́tà o bẹ̀rẹ̀ sí í dé ibi tí wọn kò pinnu láti lọ, tí àwọn ẹlòmíràn sì ń pa owó lórí àṣìṣe wọn. Ní ọdún 2009, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà McAfee fi .cm sí ipò kìn-ín-ní nínú àwọn àmì orílẹ̀-èdè tó léwu jù lọ. Àwọn ọ̀dàlúmọ̀ tó lo àṣìṣe yìí ba orúkọ orílẹ̀-èdè kan jẹ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé àṣìṣe kékeré tí a lè rí tẹ́lẹ̀ ní láti wà nínú ètò; bí olùṣètò kò bá ronú nípa rẹ̀, ẹlòmíràn yóò ronú nípa rẹ̀.

Lẹ́tà àwọn èdè Áfíríkà

Ìtẹ́ lẹ́tà tí fóònù kọ́kọ́ ń lò fún àtẹ̀jíṣẹ́ ní é àti è, ṣùgbọ́n kò ní ê ti Faransé. Kò ní ɛ, ɔ àti ŋ tí èdè Duala ń lò, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹ, ọ àti ṣ ti Yorùbá. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan lè gba lẹ́tà 160. Bí ẹyọ kan nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí bá wọ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò yí sí ìlànà mìíràn, àyè yóò sì dín kù sí 70. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó yẹ kó jẹ́ ẹyọ kan lè di méjì tàbí mẹ́ta, owó rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Èyí wà lára ìdí tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń kọ Yorùbá láìsí àmì.

Síbẹ̀, àmì wà lára ìkàgbà. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ẹni tó bá yọ àmì wọn kúrò ti gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ lé òǹkàwé lórí. Lójú òpó ayélujára, ohun tó yẹ ni kí a yan ìrísí lẹ́tà tó lè gbé àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ pọ̀, nítorí lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kò ní ẹyọ tiwọn nínú Unicode. Ohun méjì ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀. Kí àyè láàárín ìlà fẹ̀ díẹ̀ kí àmì ìlà kan má ba gun òmíràn. Kí àpótí ìwádìí sì lè rí ọ̀rọ̀, bóyá òǹlò fi àmì sí i tàbí kò fi sí i.

Ìdánwò

Kò sí olùṣètò tó lè fi ojú ara rẹ̀ mọ̀ bóyá iṣẹ́ òun rọrùn, nítorí ó ti mọ ibi tí ohun gbogbo wà. Ọ̀nà tó dájú ni kí a fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ní iṣẹ́ kan, kí a sì dákẹ́ wò ó. Ibi tó bá ti dúró, tó ti padà, tàbí tó ti béèrè ọ̀rọ̀ ni àtúnṣe ti yẹ. Nielsen kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé ènìyàn márùn-ún sábà máa ń tó láti fi ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìṣòro hàn. Ní ìlú bíi Douala, àwọn márùn-ún náà kò gbọdọ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nìkan; kí ìyálọ́jà wà nínú wọn, kí ọlọ́kadà wà nínú wọn, kí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ sì wà níbẹ̀, lórí irú fóònù tí wọ́n ní àti irú nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n ń lò.

Àríyànjiyàn

Àwọn kan ń sọ pé ìrọ̀rùn lè di ìbòjú. Ojú-ìwé lè mọ́ tónítóní nítorí pé wọ́n fi iye owó tí wọ́n ń yọ àti ọ̀nà tí a fi lè kúrò nínú ètò náà pamọ́. Harry Brignull, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkójọ irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2010. Àwọn mìíràn ń sọ pé ètò tó bá rọrùn jù kì í jẹ́ kí òǹlò kọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti pé òṣìṣẹ́ tó ń lò ó lójoojúmọ́ nílò ọ̀nà àbùjá tí ẹni tuntun kò nílò.

Àwọn àtakò yìí fi ibi tí ààlà wà hàn. Ohun tí òǹlò nílò láti fi pinnu kò sí lára ohun tí a lè gé kúrò. Iye owó, orúkọ ẹni tó ń gbà á àti ọ̀nà àtipadà gbọ́dọ̀ wà lójú, kódà bí ojú náà kò bá gbà ju lẹ́tà 182 lọ.